Orúkọ Ọmọ ni Ìjánu Ọmọ: Àríwísí lórí Èdè tí a fi ń Dáàbò bo Ọmọdé ní Abidjan

Ìfáàrà

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òwe méjèèjì yìí kọjá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkómọjáde. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé orúkọ a máa darí ẹni tí ń jẹ́ ẹ, a sì tún máa darí ẹni tí ń pè é. Ẹni tí a bá pè ní ọmọ, ọwọ́ tí a fi ń mú ọmọ ni a ó fi mú un. Ẹni tí a bá pè ní ohun mìíràn, ọwọ́ tí ó bá ohun náà mu ni yóò bà á.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àríwísí lórí èdè tí àwọn ará ìlú ń lò fún àwọn ọmọdé tí ń hùwà ipá, àti lórí èdè tí òfin ń lò láti dáàbò bo ọmọdé, pàápàá lọ́wọ́ àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wọn. Ìlú Abidjan ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ní Abidjan ni ìgboro ti sọ àwọn ọmọdé kan ní orúkọ tí àwọn oníròyìn gbé kiri ayé. Èkejì ni pé Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Ẹjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí àwọn onílé sì ń pè wọ́n ní Anago. Ọmọ wọn a máa sọ Yorùbá nínú ilé, a máa kàwé ní èdè Faransé, a sì máa gbọ́ Nouchi ní ìgboro. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni a kọ òfin tí ó dáàbò bò ó sí.

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Òfin kò lè dáàbò bo ọmọ tí èdè bá ti kọ́kọ́ yọ kúrò nínú iye àwọn ọmọ.

Orúkọ tí ìgboro fún wọn

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ tí ó wáyé ní Côte d'Ivoire ní ọdún 2010, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Kí ó tó rọlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2011, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ti kú. Abobo, àdúgbò ńlá kan ní àríwá Abidjan, wà lára ibi tí ìjà náà ti gbóná jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ń fi àdá àti ọ̀bẹ gba owó àti fóònù lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún 15. Láti Abobo, ìròyìn wọn dé Adjamé, Attécoubé àti Yopougon.

Microbe ni ìgboro sọ wọ́n. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé inú fíìmù ilẹ̀ Bràsíl tí ó jáde ní ọdún 2002, tí wọ́n ń pè ní La Cité de Dieu ní èdè Faransé, ni a ti mú orúkọ náà. Fíìmù tí ó fi àwọn ọmọdé tí ń gbé ìbọn hàn ní àdúgbò àwọn tálákà ní Rio de Janeiro. Níbi yòówù tí ì báà ti wá, ohun tí ó kan onímọ̀ èdè ni iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe. Microbe ni kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Orúkọ yìí pín sí méjì: ó ń sọ pé àwọn ọmọ náà kéré, ó sì ń sọ pé wọ́n ń pani. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dá wá, a máa mú ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń bá ọmọ rìn ni kọ́, tọ́, bá wí, fà mọ́ra. Àwọn tí ń bá kòkòrò àrùn rìn ni fọ̀, gbá dànù, pa run. Kò sí ẹni tí ń bá kòkòrò àrùn wí. Kò sí ẹni tí ń bi í léèrè ilé tí ó ti jáde wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa, ẹni tí gbogbo Abidjan mọ̀ sí ọ̀gá láàrin àwọn tí a ń pè ní microbe. Òun nìkan kọ́ ni ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Kí a kíyè sí i pé orí ọ̀rọ̀ méjì ni òwe náà dúró lé: ọmọ ẹni. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ méjì yìí, tí a fi kòkòrò àrùn rọ́pò wọn, òwe náà kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí rọrùn fún ẹni tí a kò fi àdá ṣá. Òótọ́ ni. Obìnrin tí wọ́n gba owó ọjà rẹ̀ ní ìdájí, tí wọ́n sì ṣá lápá, kò ní àyè láti máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Ìbẹ̀rù ni ó bí orúkọ yẹn, ìbẹ̀rù náà kì í sì í ṣe irọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹni tí ó farapa jáde kò yẹ kí ó di ọ̀rọ̀ oníròyìn, olùkọ́ àti ọlọ́pàá, nítorí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ sí igbe ìrora.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ìgboro ni ó ń ba ọmọ jẹ́. Nouchi pàápàá, tí í ṣe orúkọ èdè ìgboro Abidjan, orúkọ àwọn ọmọ ìsọ̀ta ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí, akọrin ń fi kọrin, onímọ̀ ń fi kọ ìwé àpilẹ̀kọ. Àwọn tí a fi bú gba orúkọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Bákan náà, Yorùbá ní ọmọ ìta. Orúkọ yìí kò dára, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibìkan ni ó sì parí rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìta lè wọlé. Microbe kò fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀.

Orúkọ tí òfin fún wọn

Ìjọba Côte d'Ivoire àti àwọn àjọ tí ń ṣètò fún ọmọdé yan orúkọ mìíràn: enfants en conflit avec la loi. A gbóríyìn fún wọn, nítorí pé enfants ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dá ipò ọmọ padà fún ẹni tí ìgboro ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru sí 'ọmọ tí ń bá òfin jà', a ti tún dá ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Etí Yorùbá yóò gbọ́ pé ọmọ náà ni ó gbé ìjà kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àgbàlagbà lò, tàbí tí àwọn tí ó jù wọ́n lọ fipá mú wọ ẹgbẹ́. A dábàá kí a pè é ní 'ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú òfin'. Orúkọ yìí gùn, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Àwọn tí ó ṣe òfin mọ agbára orúkọ ju bí a ti rò lọ. Nínú ìlànà tí a mọ̀ sí Ìlànà Beijing, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1985, ìlànà kẹjọ sọ pé kí a bo àṣírí ọmọ tí ẹjọ́ kàn, kí orúkọ tí a lè lẹ̀ mọ́ ọn má baà ṣe é ní jàǹbá. Ìlànà Riyadh ti ọdún 1990, tí ó dá lórí dídènà ìwà ọ̀daràn láàrin ọ̀dọ́, tẹ̀ síwájú. Ó ní bí a bá ń pe ọ̀dọ́ ní ọ̀daràn, a sábà máa ń ràn án lọ́wọ́ láti di ọ̀daràn. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 213, ka ọ̀rọ̀ méjì léèwọ̀ fún ilé ẹjọ́ ọmọdé: ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a ti dá ènìyàn lẹ́bi, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a ti dá ìyà fún un. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni onímọ̀ èdè ń rí òfin tí ó fi ẹsẹ̀ kan ka ọ̀rọ̀ léèwọ̀.

Òfin Côte d'Ivoire náà kò fi ojú kòkòrò wo ọmọ. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1981, tí wọ́n lò títí di ọdún 2019, a kò lè pe ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 10 lẹ́jọ́ ọ̀daràn rárá, a kò sì gbọdọ̀ fi ìyà ọ̀daràn jẹ èyí tí kò tí ì pé ọdún 13. Òfin ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 tún sọ ọ́ di dandan kí ọmọ tí ó wà láàrin ọdún 6 sí 16 máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a ka òfin kejì yìí bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ orúkọ. Ọmọ ọdún 12 tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ní Abobo ti ní orúkọ nínú rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí ní kíláàsì. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé ta ni ó yẹ kí ó mú un dé kíláàsì.

'Nígbà tí' tàbí 'láti ọwọ́'?

Títí di ìsinsìnyí, ìgboro ni a ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ipá ọmọdé sí ọmọdé kò bẹ̀rẹ̀ ní ìgboro. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti sábà máa ń rí i, níbi tí kò sí àdá. Ní ọdún 2019, UNESCO ròyìn pé bí ẹyọ kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta káàkiri àgbáyé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fòòró láàrin oṣù kan. Ǹjẹ́ òfin rí irú ìwà ipá yìí?

Abala 19 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989, tí Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1991, pàṣẹ pé kí ìjọba dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìwà ipá ti ara àti ti ọkàn nígbà tí ó bá wà ní ìkáwọ́ òbí, alágbàtọ́ tàbí ẹnikẹ́ni tí ń tọ́jú rẹ̀. Abala 16 nínú Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ àti Ìgbáyégbádùn Ọmọdé, tí a kọ ní ọdún 1990 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1999, sọ ohun tí ó jọ ọ́, ó sì dárúkọ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ wọn.

Gbólóhùn 'nígbà tí ó bá wà ní ìkáwọ́' ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yára túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ olùṣe: 'ìwà ipá láti ọwọ́ òbí, alágbàtọ́ tàbí olùkọ́'. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Kí a sọ pé ọmọ ọdún 15 kan ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ ọdún 11 lójoojúmọ́, ní ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ìtumọ̀ 'láti ọwọ́', olùkọ́ kò ṣẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó gba owó náà. Àwọn ọmọdé ni ó ń bá ara wọn jà. Nínú ìtumọ̀ 'nígbà tí', ọmọ náà wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ ní wákàtí yẹn, ààbò rẹ̀ sì wà lọ́rùn olùkọ́, ẹni yòówù kí ó na ọwọ́. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń bójú tó àdéhùn náà fara mọ́ ìtumọ̀ kejì ní ọdún 2011, nígbà tí ó ka ìfòòró láti ọwọ́ ọmọdé ẹgbẹ́ ẹni mọ́ ìwà ipá tí abala 19 ń sọ. Àpólà kékeré kan nínú ìtumọ̀ lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí òfin padà.

Abala 31 nínú Àdéhùn Áfíríkà tún gba ìṣọ́ra. Ó gbé ojúṣe ka ọmọ lórí, lára rẹ̀ ni pé kí ó bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀, àwọn tí ó wà ní ipò jù ú lọ, àti àwọn àgbà ní gbogbo ìgbà. Inú àwa Yorùbá dùn sí abala yìí, nítorí pé ohùn ilé wa ni a gbọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni àgbà? Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé, ẹni tí ó fi kíláàsì kan ju ọmọ lọ ti di àgbà. Ó lè rán ọmọ lọ pọn omi ní òru, kí ó sì pè é ní ọ̀wọ̀. Àwọn tí ó kọ abala náà ti rí ewu yìí: wọ́n ní ojúṣe ọmọ gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀ mu, kò sì gbọdọ̀ kọjá ààlà tí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ là. Ìtumọ̀ tí ó bá gbé ọ̀wọ̀ jáde tí ó fi ààlà sílẹ̀ ti fi ẹgba lé ọmọ ńlá lọ́wọ́.

Ìyà àti ìbáwí

Kí a wá yẹ Yorùbá fúnra rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń lò fún ìwà ipá láàrin akẹ́kọ̀ọ́ ni ìfìyàjẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìṣòro kan. Bí adájọ́ bá rán olè lọ sí ẹ̀wọ̀n, a ó ní ó fi ìyà jẹ ẹ́. Bí ebi bá ń pa opó, a ó ní ìyà ń jẹ ẹ́. Bí ọmọ ńlá bá ń lu ọmọ kékeré, a ó ní ó ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ìyà tí ó tọ́ sí ènìyàn àti ìyà tí kò tọ́ sí i, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá délé tí ó ní, 'Màmá, wọ́n ń fi ìyà jẹ mí ní ilé-ẹ̀kọ́', ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni, 'Kí ni o ṣe?' Ìyá náà kò burú. Èdè ni ó fi ẹ̀bi ọmọ sí i lẹ́nu kí ó tó ronú.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò kúnjú ìwọ̀n. Ìyọlẹ́nu fúyẹ́ jù, nítorí pé ẹ̀fọn náà ń yọ wá lẹ́nu. Ìfínràn ń tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjà ẹ̀ẹ̀kan. Yẹ̀yẹ́ àti eré ni àwọn ọ̀rọ̀ tí afòòró fúnra rẹ̀ máa ń yàn bí a bá mú un: eré ni a ń ṣe. Dan Olweus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó ṣiṣẹ́ ní Norway, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí ọdún 1970, fi àmì mẹ́ta dá a mọ̀: a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, a ń ṣe é léraléra, agbára ẹni tí ń ṣe é sì ju ti ẹni tí a ń ṣe é sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní Sweden nígbà náà, mobbning, fa gbòǹgbò láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ogunlọ́gọ̀ oníjàgídíjàgan. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 2015 yóò rí i pé àgbàlagbà náà lè kún ojú ọ̀rọ̀ yẹn.

A dábàá ìfòòró. Ẹni tí ń fòòró ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe é láìmọ̀. Àmì méjì àkọ́kọ́ ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀kẹta hàn gbangba, a lè sọ pé ìfagbára-fòòró. Bí ọmọ bá sọ pé wọ́n ń fòòró òun, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni 'Ta ni?'

Èdè wa kò ṣàìní ohun rere. Bá wí ni a gbé ìbáwí kà, wí sì ni sísọ̀rọ̀. Pàṣán kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Côte d'Ivoire fi òfin de nína akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2009, àwọn òbí kan lè rò pé àṣà òyìnbó ni ó dé. Olùkọ́ Yorùbá lè dá wọn lóhùn pé ohun tí ọ̀rọ̀ ìbáwí ti ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òfin náà tún sọ. Ọmọ tí àgbà ń fi pàṣán kọ́ yóò fi pàṣán kọ́ àbúrò rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè

Igi gáńgánran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìfòòró kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́, orúkọ ni ó sábà máa ń ṣáájú. Wọn a pe ọmọ kan ní orúkọ ẹranko, orúkọ àbùkù ara, tàbí orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí orúkọ náà bá ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Olùkọ́ èdè ni ó wà nítòsí jù láti gbọ́ èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè mú ẹ̀kọ́ oríkì àbísọ, kí ó ṣàlàyé Àbẹ̀ní, ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó ní, àti Àdùkẹ́, ẹni tí a ń du láti kẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí a máa pe àwọn àti èyí tí wọn kò fẹ́, láìka sókè. Ìwé pélébé wọ̀nyẹn yóò fi hàn án ẹni tí a ń fòòró ní kíláàsì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ọlọ́pàá.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Abidjan náà ní ipa tiwọn. Òbí tí kò ka Faransé kò lè béèrè ẹ̀tọ́ tí kò gbọ́ rí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá, tí abala 19 àti abala 16 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ tí kò gé 'nígbà tí' kúrò, yóò ràn án lọ́wọ́ ju àsọyé gígùn lọ.

Ìkádìí

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò mú àdá kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ilé, oúnjẹ àti àgbàlagbà tí ń ṣọ́ ọ̀nà ni yóò ṣe ìyẹn, owó ni ó sì ń gbé wọn dìde. Ohun tí a fi hàn ni pé orúkọ ni ó ń pinnu bóyá ìlú yóò gbà láti ná owó náà. Kò sí ìlú tí ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún kòkòrò àrùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa sì ti wà lọ́jà tipẹ́. Títúmọ̀ abala méjì yẹn kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ fún olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbọ́ Faransé àti Yorùbá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.